Bí Mo Ṣe Gbé Òṣùpá Kiri Ilẹ̀ Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n jókòó. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni gbogbo ará ilé mi ti ń kọ orin kan náà sí mi létí: "Màmá, ẹ jókòó. Màmá, ẹ sinmi." Wọ́n gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé wa ní Kétu, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù lé e. Mo ti fi í sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ. Tí mo bá fìdí lé e díẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, màá dìde, màá lọ wo ẹnu ọ̀nà, màá padà wọlé, màá tún jáde. Ọmọ mi obìnrin ní mò ń ṣe bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí.

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù ni Sàkírátù, ọmọ aládùúgbò mi, tó wà ní kíláàsì ìparí ní kólẹ́ẹ̀jì. Ó wọlé tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn òbí òun ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kí òun kọ́. Ó wá wò mí lójú, ó ní: "Màmá, ohun tí ẹ ń ṣe nígbà yẹn, ṣé iṣẹ́ ni lóòótọ́?"

Inú bí mi. Mo ní kó máa lọ sílé. Ó ti lọ tán kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mò ń bínú sí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn, òun náà ló sì ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún pa ẹnu mọ́. Nítorí náà, Sàkírátù, ìwọ àti gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, ẹ gbọ́ tèmi.

Iṣẹ́ mi ni pé mò ń gbé tẹlẹsikóòpù kiri. Awò ńlá ni, tí a fi ń wo ohun tó jìnnà lójú ọ̀run. Tiwa rí roboto bí páìpù omi, orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la máa ń gbé e lé. Dígí kan tó jin díẹ̀ láàárín wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ dígí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: bí bàsíà tí a gbé síta ṣe ń gba omi òjò ló ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, á sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, níbi tí èèyàn á ti yọjú wò ó. Bàsíà tó bá fẹ̀ ló ń gba omi púpọ̀. Dígí tó bá fẹ̀ náà ló ń fi ìràwọ̀ tí ojú lásán kò lè rí hàn. Ohun tí mo bá gbé wọ abúlé nìyẹn, tí àwọn ọmọdé á máa sáré bọ̀, "Ìyá Oníbọn ti dé o!" Ìbọn ni wọ́n pè é.

Ìtàn bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gùn. Odomẹta ni wọ́n bí mi sí, ọmọ àgbẹ̀ alágbàdo tó tún ń gbin iṣu. Mo kàwé díẹ̀ ní Kétu, ìwé sì ní òun kò fẹ́ mi mọ́. Mùsíyé Àjíbádé (bí àwa tó kàwé lédè Faransé ṣe ń pe tíṣà nìyẹn), tó kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ń wá ẹni tí yóò máa bá òun gbé ẹrù. Òyìnbó Faransé kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fi tẹlẹsikóòpù náà ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílé. Àsìkò tí ìjọba kò rí owó oṣù san fún àwọn tíṣà ni, ọ̀pọ̀ wọn ti gba oko lọ. Mùsíyé ní bí òun kò bá rí owó gbà, ó kéré tán awò náà kò ní máa sùn nínú àpótí. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí èmi ń gbà. Oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ni mò ń jẹ, ó sì dùn.

Bàbá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Ọjọ́ tí mo lọ sọ fún un, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ìràwọ̀ wo lẹ fẹ́ lọ wò? Ṣé àwọn tó wà lókè ilé wa níbí kò tó ọ ni?"

"Bàbá, a fẹ́ máa fi wọ́n han àwọn èèyàn ni."

"Iṣẹ́ nìyẹn?"

Ó gbẹ́ igi rẹ̀ títí, ó wá dá ọ̀rọ̀ náà báyìí pé kí n máa bá Mùsíyé lọ títí ìkórè àgbàdo. Bí ìkórè bá dé, òun fúnra òun máa wá wò ó. Bí òun bá rí i pé iṣẹ́ ni, kí n máa ṣe é lọ. Bí òun kò bá rí i bẹ́ẹ̀, kí n di ẹrù mi lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin, kí n máa bá a ta aṣọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èmi tí n kò lè jókòó jẹ ẹ̀kọ tán, ṣé èmi ni yóò jókòó ti aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di àṣálẹ́? Mo mọ̀ pé n ó kú síbẹ̀.

Àwọn èèyàn ìlú náà kò gbẹ́nu sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀lé ọkùnrin olórí ewú kiri abúlé, kí ló ń wá? Ìyàwó Mùsíyé ló máa ń dá wọn lóhùn. Á ní: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, ẹ ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wo Àgùàlà nínú awò ni mo rí i pé òwe yẹn mọ ohun tó ń sọ. Kì í ṣe ìràwọ̀ rárá, ayé kan ni bí tiwa, tó ń yí oòrùn po ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá lónìí, ó kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni. Ó tún máa ń rí gbọọrọ bí òṣùpá ọmọ ọjọ́ mẹ́ta nígbà míì, torí apá tí oòrùn bá tàn sí nìkan là ń rí.

Ẹ má rò pé mo kàn dìde mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo awò. Mùsíyé le! Odindi ẹ̀ẹ̀rùn ni kò fi jẹ́ kí n fojú kan ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì ló fún mi. Ó ní kí n máa ya òṣùpá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ó bá ti yọ, bí mo ṣe rí i gan-an, pẹ̀lú igi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yà á, mo yà á, ó sú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya èyí tó wù mí láì wòkè. Ó gba síléètì lọ́wọ́ mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Apá ibi tó ń tàn yẹn kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ṣé òṣùpá tirẹ ti rí iná rà ní Naijíríà bí ìjọba wa ṣe ń rà á ni?" Ó ní kí n nù ún kúrò.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ yé. Òṣùpá kò ní iná tirẹ̀, ọwọ́ oòrùn ló ti ń yá a, ibi tí oòrùn bá wà sì ni ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ máa ń kọ sí. Lójoojúmọ́ ló ń rìn díẹ̀ sí ìhà ìlà oòrùn, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ yọ sí i. Kò sí ìwé tó sọ ọ́ fún mi. Síléètì ló sọ ọ́, àti ìbínú.

Òfin méjì ló wà lẹ́nu Mùsíyé. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dígí. Ó ní eruku kò lè pa á, ọwọ́ èèyàn ló ń pa á, torí pé ohun tó ń dán lójú rẹ̀ yẹn, àwọ̀ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi bò ó, kò nípọn tó èépá ojú egbò. Èkejì ni pé a kì í sọ ohun tí ènìyàn máa rí fún un kó tó wò. Tó bá wò ó tán ni ká bi í pé, "Kí lo rí?" Ohun tó bá sì sọ, tirẹ̀ ni. Mo ṣẹ̀ sí òfin kejì yìí lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan pé wọn yóò rí òrùka lára Sátọ̀ọ̀nù, ayé míì tó ń yí oòrùn po, gbogbo wọn sì ń wò ó, wọ́n ń kígbe pé, "Òrùka! Òrùka!" títí kan ọmọ tó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Mùsíyé bo awò. Ó ní kí gbogbo wa lọ sílé.

"O ti ríran fún wọn tán," ó ní. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ojú tiwọn ṣe?"

Ìkórè dé. Bàbá mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wá irúgbìn iṣu ní Adakplamẹ̀, àti pé bí a bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun máa yà. A ṣètò rẹ̀ sí ọjọ́ tí òṣùpá bá di ìdajì, torí pé ìgbà yẹn ni òjìji àwọn òkè inú rẹ̀ máa ń gùn, tí ojú á rí wọn dáadáa. Láti àárọ̀ ni a ti dé ilé ìwé Adakplamẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ pupa, eruku rẹ̀ kì í ṣeré. Mùsíyé ti yọ dígí kúrò nínú páìpù kó má bàa fọ́ lójú ọ̀nà, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sílé ọ̀gá ilé ìwé, a sì jáde lọ kí baálẹ̀.

Ẹ mọ àwa ará ibí. Bí àlejò bá wọlé wa, ohun ìní rẹ̀ kì í kúrò nílé wa pẹ̀lú ìdọ̀tí. À ń fọ bàtà rẹ̀, à ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀tẹ́ ni fún ìyàwó ilé tí ẹrù àlejò bá padà bó ṣe wá. Ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé, Ìyá Ganíyátù, obìnrin onínúure tí kì í fiṣẹ́ falẹ̀, tú aṣọ náà, ó sì rí i pé dígí ti kún fún eruku pupa. Àánú wa ṣe é. Ó bu eérú sínú omi, ó mú kànìnkànìn, ó sì fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò ọdún Iléyá. Ó fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó tún un fọ̀.

Nígbà tí a padà dé, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé wa, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Mùsíyé, ẹ wò ó! Ó ti mọ́! Ìdọ̀tí kan bí àwọ̀ irin wà lójú rẹ̀ tí kò fẹ́ kúrò, àmọ́ mo fi eérú ṣẹ́gun rẹ̀."

Mo rí ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti ìhà kejì dígí náà. Ó ti di gíláàsì lásán, bí ìdí ìgò. Ohun tó ń dán ti bá omi eérú lọ.

Mo la ẹnu, mo fẹ́ pariwo. Mùsíyé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin tó le bí òkúta yìí tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó gba dígí náà, ó sì tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyá," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́. Allah á san án." Obìnrin náà lọ gbé oúnjẹ wá fún wa. Mùsíyé wá rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó fi iwájú orí ti ògiri, ó dúró síbẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ó ní kí n di ẹrù, à ń lọ sílé.

Mo ní: "Bàbá mi ti wà lọ́nà."

"Kí la fẹ́ fi hàn án?"

N kò lè dúró lójú kan. Mo yí ilé ìwé náà po, mo tún un yí po, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo rí ṣọ́ọ̀bù Àjàṣẹ́ níwájú mi kedere, àga, yáàdì aṣọ, èmi nìyẹn tí mo ti sanra. Nígbà tí mo tún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùsíyé, ó ń wé dígí náà sínú aṣọ. Ó wá dúró. Ó gbé e sókè, ó sì ń wo irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀, fírífírí, bí èèyàn ṣe ń rí ara rẹ̀ lójú fèrèsé.

Ó ní: "Gíláàsì lásán náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òṣùpá ní èyí tó pọ̀, a lè sọ púpọ̀ nù níbẹ̀. Gbé igi yẹn wá. Bọ́ ìborùn rẹ."

Ìborùn dúdú tó wà lọ́rùn mi ló fi bo ẹ̀yìn dígí náà, kí ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ má bàa gba ẹ̀yìn wọlé. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. A to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbá mi dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kírun mọ̀gáríbì tán, òṣùpá ìdajì sì ti wà gangan lókè orí wa.

Ọ̀run ọ̀hún ló ràn wá lọ́wọ́. Òṣùpá hàn, kò ta ojú bó ṣe máa ń ta á tẹ́lẹ̀, ó rọ̀ bí wàrà. Àwọn kòtò rẹ̀ hàn, àwọn òkè rẹ̀ hàn, òjìji wọn nà sílẹ̀. Kòtò wọ̀nyẹn, òkúta tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ wọn láyé àtijọ́, kò sì sí òjò níbẹ̀ tó lè wẹ̀ wọ́n kúrò. Ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn fún Bàbá. Mo ní kí wọ́n fi ojú kan wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwa náà rí i!" Bàbá kò gbọ́. Mo ń ti páìpù náà díẹ̀díẹ̀ fún wọn, torí òṣùpá máa ń sá kúrò nínú awò. Ayé tí a dúró lé lórí ló ń yí, òun ló ń gbé wa kúrò níwájú rẹ̀.

Bàbá gbórí sókè. Wọ́n fi apá aṣọ nu ojú, wọ́n fi ojú lásán wo òṣùpá, wọ́n wo awò, wọ́n wò mí.

Mo ní: "Bàbá, kí lẹ rí?"

Wọ́n ní: "Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀nà jìn." Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹnìkan gbé àpótí aṣọ mi láti Odomẹta wá sílé Mùsíyé ní Kétu, iṣu wà lórí rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ rírán kan pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó Mùsíyé ní bí wọ́n bá lé ọmọ jáde, wọn kì í fi iṣu tẹ̀lé e, kí n dúpẹ́. Àǹtí mi ní Àjàṣẹ́ ní àpótí kì í jáde nílé lásán, bàbá mi ti wẹ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi ni, iṣu sì ni oúnjẹ ìdágbére. Èwo ni kí n gbà? Mo jẹ iṣu, mo sì tẹ̀lé Mùsíyé lọ. Àmọ́ inú mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà, mo sì rò pé ìyẹn náà wà lára ohun tó sọ mí di alárìnká.

Mùsíyé fi dígí náà ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì pẹ́ kó tó padà wá pẹ̀lú àwọ̀ tuntun. Kó tó dé, òṣùpá nìkan la lè fi han àwọn èèyàn. Mùsíyé darúgbó, ó kú, ó fi awò sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ ọkọ, mẹkaníìkì ni, ó mọ̀ pé ìyàwó òun kì í gbélé, ó sì máa ń tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe kí n lè tètè lọ. Mo bímọ, mo pọ̀n wọ́n lọ sí ilé ìwé abúlé.

Ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn, àwọn obìnrin gbé omi sínú bàsíà káàkiri, wọ́n ní omi ti pa iná oòrùn, àwọn lè wò ó níbẹ̀. Mo sáré láti agbo ilé dé agbo ilé, mo ń da omi nù, wọ́n ń bú mi. Ojú tó bá wo oòrùn lójúkojú máa ń jóná láìsí ìrora, kì í sì í padà sípò. Mo ní kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, kí wọ́n wo ilẹ̀ abẹ́ igi. Àwọn ihò kéékèèké láàárín ewé ló ń ju àwòrán oòrùn sílẹ̀, gbogbo ilẹ̀ sì kún fún oòrùn kéékèèké tí òṣùpá ti gé jẹ. Àwọn tó ń bú mi ló wá ń tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Ẹgbẹ́ kan fún mi ní awò tó ní mọ́tọ̀, tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀, mo wá rí i pé àwọn ọmọ kò mọ̀ mọ́ pé ayé ń yí. Nígbà tí wọ́n bá ń ti páìpù fúnra wọn, ọwọ́ wọn ló ń mọ̀ ọ́n. Mo yọ bàtìrí rẹ̀ jù sápá kan. Tẹlẹfóònù dé lẹ́yìn náà. Ọmọdé á gbé e sókè, á sọ orúkọ ìràwọ̀ kó tó yọ. Èmi tí mo fi síléètì kọ́ ọ! Mo bínú títí ó fi rẹ̀ mí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n tẹlẹfóònù náà ló ń sọ ìgbà tí ilé tí àwọn èèyàn ń gbé lójú ọ̀run máa kọjá lókè wa, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ tán. Ẹ̀ ń rí i bí iná kan tó ń rìn láì pariwo. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló wà lára rẹ̀, nítorí pé ó ga débi pé ilẹ̀ kò tíì ṣú fún un. Bí ó bá ń bọ̀, mo máa ń sáré yí ọgbà ilé ìwé po, mo ń pe gbogbo èèyàn jáde. Àwòrán tún ń wá láti Máàsì, níbi tí ọkọ̀ kékeré kan ti ń rìn kiri láìsí awakọ̀. Mo fi han àwọn àgbẹ̀ ní Adakplamẹ̀. Ọ̀kan wo ilẹ̀ pupa náà, ó ní: "Gbágùúdá á ṣe dáadáa níbẹ̀, tí òjò bá wà." Mo ní kò sí òjò. Ó ní a jẹ́ pé àwọn tó rán ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Gbogbo àkókò yìí, mò ń lọ kí Bàbá ní Odomẹta. Bí mo bá ti jókòó, màá béèrè: "Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ rí?" Wọ́n á ní ṣé mo ti jẹun. Wọ́n á ní òjò ọdún yìí pẹ́. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. N kò gbé awò lọ sí Odomẹta rí. Mo dé gbogbo abúlé tó wà lórí ilẹ̀ Kétu, àfi ibi tí wọ́n bí mi sí. Bàbá tí kò fẹ́ dáhùn nínú yàrá, kí ni yóò ṣe lójú àwùjọ? Ẹ̀rù pé kó sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ lójú gbogbo ayé ló ń bà mí.

Ọ̀nà Pobẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí pé Bàbá ti kú. Bí ti àwa Mùsùlùmí, wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Ó dùn mí, ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ó ti gbé ìdáhùn mi lọ.

Nítorí náà, Sàkírátù, n kò ní sọ fún ọ pé kí o má ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ yìí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ lè rìn lọ láì mọ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ sí i nílé. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù rẹ̀ kó o tó pinnu.

Ní ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ìwé Odomẹta ránṣẹ́ sí mi pé kí ló dé tí mi ò fi tiwọn kún un. N kò tún ní ẹni tí mò ń sá fún níbẹ̀ mọ́. Mo gbé awò lọ. Òṣùpá ti di ìdajì, ìlú sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí oòrùn ṣe wọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Sànúsí, ọ̀rẹ́ Bàbá mi, tí oko wọn jọ pààlà. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn, wọ́n wò ó.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Mo rí Kòtò Amọ̀," wọ́n ní. "Ó wà ní etí òkùnkùn. Mo rí oko Ìdí Ìrókò, ilẹ̀ dúdú tó tẹ́jú yẹn. Òkè Olókùúta wà lókè rẹ̀. Àṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí."

Orúkọ ibi oko Bàbá mi ni gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wọn ní: "Ṣé ẹ ti rí Kòtò Amọ̀? Èmi náà fẹ́ rí Kòtò Amọ̀." Ọmọ kékeré kan nídìí ìlà ń ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀ ibi tí Òkè Olókùúta wà.

Mo ní: "Bàbá Sànúsí, ta ló sọ gbogbo èyí fún yín?"

Wọ́n yí sí mi. "Ta ni ìbá tún jẹ́? Bàbá rẹ ni. Tí òṣùpá bá ti di ìdajì báyìí, tí a bá ti oko dé, á pè wá jọ, á máa fi igi yà á sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òṣùpá tẹ́jú, wọn á jà. Ó ní ojú ọmọ òun ni òun fi rí i."

"Kí ló dé tí Bàbá ò sọ fún mi?"

"A bi í léèrè. Ó ní ẹni tó ti gbéra ìrìn àjò, a kì í pè é láti ẹ̀yìn."

Omi bo ojú mi, n kò rí òṣùpá mọ́, n kò rí awò. Ìlà ti ń kùn. Mo ti páìpù náà padà sípò, mo sì ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.